Bí a ṣe ń tẹ àwòrán sí T-shirt nílé: láti orí férémù títí aṣọ á fi jáde nínú omi ọṣẹ

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ó ṣòro kí ọjọ́ Sátidé kan kọjá kí wọ́n má ṣe nǹkan níbì kan. Òkú àgbà, ìwúyè, ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún, ìpàdé àwọn tó jọ jáde ilé-ìwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń parí ẹ̀kọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìjagun tàbí ní Ìlíṣàn: gbogbo wọn ló ń fẹ́ T-shirt kan náà, kí orúkọ wà lẹ́yìn, kí àwòrán wà láyà. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń gbé lọ sí Èkó, nígbà tí ẹni tó lè ṣe é wà ládùúgbò, tó ní ẹ̀yìnkùlé, tó ní omi, tí oòrùn sì ń ràn lé e lórí lọ́fẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ tí à ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní screen printing. Àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ń lẹ àwòrán mọ́ aṣọ ti pọ̀ nígboro, wọ́n sì wúlò bí aṣọ bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá fẹ́ àádọ́ta aṣọ tó jọra, screen ló máa ń dínwó jù, àìsí iná mànàmáná ò sì lè dá a dúró. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀: àwọ̀ kan péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ débi pé omi ọṣẹ ò ní lè ṣí i. Mo ti rí aṣọ òkú àgbà tí ojú ìyá arúgbó ti ń ṣí kúrò láyà aṣọ lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ojú àwọn ọmọ olóòkú ò gbà á, kò sì yẹ kó gbà á.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

A ó na àwọ̀n mọ́ férémù onígi, a ó wá fi oògùn kan tí wọ́n ń pè ní emulsion dí ojú àwọ̀n náà pátá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan emulsion, á le, omi ò sì ní lè fọ̀ ọ́ kúrò mọ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò kàn ṣì máa rọ̀, omi á gbé e lọ. Nítorí náà, bí a bá fi àwòrán dúdú bo ibì kan kí a tó gbé férémù sí oòrùn, ibi tí dúdú bò yẹn ló máa ṣí nígbà tí a bá fọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni íńkì máa gbà dé ara aṣọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí bí nǹkan kan bá bàjẹ́, òun lẹ máa fi wádìí ibi tó ti bàjẹ́.

Férémù àti àwọ̀n

Ẹ ní kí káfíńtà kan férémù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 35, tó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45. Ó gba àwòrán tó tó bébà A4, àyè á sì tún wà yí i ká fún íńkì. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí igbó Ọmọ wà kì í wọ́n igi, ṣùgbọ́n ẹ má gba igi tútù. Bó bá gbẹ tán á lọ́, férémù tó lọ́ ò sì ní jókòó dáadáa lórí aṣọ láé. Ẹ gbé e sórí gíláàsì kí ẹ tẹ igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí igun kan bá ń ta sókè, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà ẹ fi fáníìṣì kùn ún kí omi má baà máa wọ inú igi.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ta àwọ̀n. Èyí tó bá T-shirt mu jù ni 43T, tí àwọn mìíràn ń pè ní 110, ìyẹn ni iye fọ́nrán tó wà nínú íńṣì kan. Àwọ̀n 77T há ju èyí lọ. Lẹ́tà wínníwínní ló wà fún, kò sì ní jẹ́ kí íńkì pọ̀ lórí aṣọ dúdú. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ò nílò ju 43T lọ. Àwọn kan ń fi aṣọ ọ̀gánsà rọ́pò àwọ̀n. Ẹ lè fi kọ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi gba iṣẹ́ olówó, torí ó máa ń dẹ̀ bí omi bá ti kàn án.

Ibi nínà yìí ló yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ fi ìbọn sítépúlù kan àwọ̀n mọ́ àárín ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fà á le, ẹ kan àárín ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i, kí ẹ tó bọ́ sí àwọn ẹ̀gbẹ́ méjì tó kù. Láti àárín lẹ ó máa bọ̀ wá sí igun. Bí ẹ bá parí, ẹ fi ìka ta á: ó yẹ kó dún bí awọ ìlù. Bó bá ń jì wọlé, ẹ tú u kí ẹ tún un nà, torí àwọ̀n tó dẹ̀ á máa fa etí lẹ́tà gùn, kò sí íńkì olówó iyebíye tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ wá fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ àwọ̀n náà kí ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ.

Ohun tó kù láti rà

Ṣómólú l'Ékòó ni àwọn òǹtẹ̀wé pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa rí àwọ̀n, emulsion, íńkì àti squeegee, ìyẹn igi tí rọ́bà wà létí rẹ̀ tí a fi ń fa íńkì. Ẹni tó ń ti Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù lọ lè ṣe é ní àlọ àti àbọ̀ lọ́jọ́ kan. Rọ́bà squeegee gbọ́dọ̀ gbòòrò ju àwòrán yín lọ díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gún régé. Ẹ fi ìka tọ́ ọ láti òpin dé òpin kí ẹ tó sanwó. Ibi tó bá ti jẹ á máa fa ìlà sára gbogbo aṣọ tí ẹ bá tẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ emulsion, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, tó sì rọ̀jú jù lọ́jà, ni èyí tí ẹ máa da sensitizer aláwọ̀ ọsàn mọ́, ìyẹn oògùn tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè mú emulsion le. Dichromate ni oògùn náà. Ó máa ń jẹ awọ ara, ó sì wà lára àwọn nǹkan tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn, ẹ má sì da omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́ sí ẹ̀bá kànga. Ọ̀pọ̀ ilé wa ló jẹ́ pé omi kànga là ń mu. Emulsion tó ń lo diazo, ìyẹn sensitizer mìíràn, tàbí èyí tó ti wà ní pípò láti ilé iṣẹ́, wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ní kí ẹ rà. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Diazo tí ẹ bá ti pò ṣe é tọ́jú sí ibi tútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí ti dichromate ò ṣe é tọ́jú pẹ́ rárá.

Ti íńkì, ẹ ra íńkì olómi tó wà fún aṣọ. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní plastisol, tó máa ń dán, tí kì í sì í gbẹ sínú àwọ̀n. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lásán ò lè mú un gbẹ: àfi kí ooru rẹ̀ dé nǹkan bíi 160°C jákèjádò, áyọ́ọ̀nù ilé ò sì lè fi ìyẹn dáni lójú. Ẹ fi plastisol sílẹ̀ títí ẹ máa fi ní ẹ̀rọ ìtẹ̀gbóná.

Aṣọ tí ẹ máa tẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òwú pátá tàbí kí òwú pọ̀ jù nínú rẹ̀. Polyester pupa tí wọ́n tẹ funfun sí lè dá ìṣòro sílẹ̀, torí aró aṣọ máa ń gòkè wọ inú íńkì, funfun á wá di pínǹkì. Ẹ fọ T-shirt tuntun kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá rí i pé ó le gbandi, nítorí èròjà tí wọ́n fi mú aṣọ le ò ní jẹ́ kí íńkì wọlé.

Kíkùn emulsion

Inú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ò wọ̀ lẹ ó ti ṣe é. Ilé ìwẹ̀ tí ẹ fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀ tó. Ẹ lè tan gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè tí ò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹ da emulsion díẹ̀ sí etí férémù, kí ẹ fi etí rúlà oníke tàbí páànù tí wọ́n fi ń fa emulsion fà á láti ìsàlẹ̀ sókè, lẹ́ẹ̀kan ní iwájú, lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀yìn. Ẹ ha èyí tó bá pọ̀jù padà sínú ike. Ẹni tó bá kùn ún nípọn ní èrò pé yóò lágbára, iṣẹ́ ló ń fi kún iṣẹ́ ara rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ò ní dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì ṣí nígbà fífọ̀.

Ẹ tẹ́ férémù sílẹ̀ nínú òkùnkùn náà, kí ojú tó máa kan aṣọ wà nísàlẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ kì í pẹ́ gbẹ. Lásìkò òjò, ẹ fi fáànù sí i, kí ẹ má sì kánjú: emulsion tó tutù nínú ò ní gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Ti dichromate, ọjọ́ tí ẹ kùn ún náà ni kí ẹ gbé e sí oòrùn, torí ó máa ń dá le fúnra rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Àwòrán dúdú

Ẹ ṣe àwòrán yín lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, kí ó jẹ́ dúdú àti funfun nìkan, láìsí àwọ̀ eérú kankan nínú rẹ̀. Kí lẹ́tà ẹ nípọn. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ laser tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tracing tàbí ike tó mọ́ gaara. Ẹ gbé e sókè sí iná. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín dúdú náà, ẹ tẹ ẹ̀dà kejì kí ẹ fi lé e gẹ́lẹ́. Bí ẹ ò bá rí tracing rà, bébà lásán tí ẹ fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pa lára, tí ẹ wá nù dáadáa, máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, àmọ́ yóò pẹ́ nínú oòrùn jù.

Nínú oòrùn

Ẹ to nǹkan wọ̀nyí lérí ara wọn nínú yàrá òkùnkùn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni pátákó. Fóòmù tí ẹ fi aṣọ dúdú wé, tó wọ inú férémù gẹ́lẹ́, ló tẹ̀ lé e. Ẹ gbé férémù lé e, kí ojú tó máa kan aṣọ kọjú sókè, kí fóòmù máa ti àwọ̀n láti abẹ́. Ẹ wá tẹ́ àwòrán lé àwọ̀n, kí lẹ́tà rẹ̀ *kọ ẹ̀yìn sí yín*, ìyẹn ni pé bí ẹ bá kà á láti òkè, òdìkejì lẹ ó rí. Bó ti rí bẹ́ẹ̀, ojú tí ẹ̀rọ tẹ dúdú sí ló máa fara kan emulsion, etí lẹ́tà á sì mú. Gíláàsì tó mọ́ ló máa wà lókè pátápátá, kí ó tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìṣẹ́jú mélòó? Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún yín láìrí emulsion àti oòrùn yín. Ẹ fi férémù kékeré kan dán an wò: ẹ fi páálí bo àwòrán, ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30, kí apá àkọ́kọ́ gba oòrùn tó pẹ́ jù, kí apá ìgbẹ̀yìn gba díẹ̀. Lẹ́yìn fífọ̀, apá tí emulsion rẹ̀ le, tí lẹ́tà rẹ̀ sì ṣí mọ́, ni àkókò yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú irú emulsion, aago tí ẹ gbé e síta, àti bí ojú ọ̀run ṣe rí. Oòrùn aago méjìlá ọ̀sán ní oṣù kejì àti ti ọjọ́ tí kùrukùru bo ojú sánmà kì í ṣe ọ̀kan náà, ìwé yẹn ló máa dín ìfira-ṣòfò kù.

Fífọ̀

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ yára gbé férémù wọlé, ẹ fi omi tútù rin ín ní ojú méjèèjì, kí ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa wò ó. Ibi tí àwòrán wà á kọ́kọ́ wú díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí ju ti àyíká lọ. Ẹ wá wọ́n omi sí i láti ojú tó máa kan aṣọ, kó má le jù. Emulsion rírọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wálẹ̀, lẹ́tà á máa ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹ ó fi máa rí ọwọ́ yín láti inú ihò àwọ̀n. Ẹ gbé e sókè kí ẹ wò ó bóyá awọ fẹ́lẹ́ kan ṣì bo inú lẹ́tà *o* tàbí *e*. Awọ yẹn kì í hàn dáadáa, ṣùgbọ́n íńkì ò ní kọjá níbẹ̀.

Bí gbogbo emulsion bá ń yọ́, oòrùn ò tó. Bí àwòrán ò bá ṣí rárá, oòrùn pọ̀jù, tàbí kí dúdú yín má dúdú tó, tàbí kí ìmọ́lẹ̀ ti kan férémù nígbà tó ń gbẹ. Èyí tó bá dára, ẹ gbé e padà sínú oòrùn kó gbẹ, kó sì tún le sí i. Ẹ fi emulsion díẹ̀ dí ihò tíntìntín tí ẹ bá rí, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù aláwọ̀ ilẹ̀ lẹ gbogbo etí férémù nínú àti lóde.

Títẹ aṣọ

Ẹ wá pátákó plywood tó lè wọ inú T-shirt. Ẹ fi híńjì ilẹ̀kùn méjì so férémù mọ́ tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, kí ó lè máa ṣí kó máa padé síbi kan náà nígbà gbogbo. Ẹ lẹ páálí kékeré mọ́ abẹ́ igun férémù, kí àlàfo bíi mìlímítà 2 tàbí 3 wà láàárín àwọ̀n àti aṣọ. Àlàfo yìí ló ń jẹ́ kí àwọ̀n fò kúrò lára aṣọ ní kété tí squeegee bá kọjá. Bí kò bá sí, íńkì á tàn kálẹ̀.

Ẹ wọ aṣọ sórí pátákó, kí ẹ nà án láìfà á. Fún àgbàlagbà, òkè àwòrán máa ń wà ní nǹkan bí íńṣì mẹ́ta sísàlẹ̀ ọrùn aṣọ. Ẹ fi kíréyọ̀n sàmì ibẹ̀ sórí pátákó, kí gbogbo aṣọ bá ara mu. Ẹ da íńkì sí òkè férémù, ẹ gbé férémù sókè díẹ̀, kí ẹ fi squeegee tẹ́ íńkì bo àwòrán láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ férémù kalẹ̀, ẹ mú squeegee dání kí ó dà díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ yín, ẹ wá fà á pẹ̀lú agbára tó dọ́gba. Ẹ má dúró láàárín. Aṣọ àlòkù ni kí ẹ fi ṣe àwọn àkọ́kọ́ títí ọwọ́ á fi balẹ̀.

Íńkì olómi máa ń gbẹ sínú àwọ̀n, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ẹ pa fáànù, ẹ máa tẹ́ íńkì bo àwòrán láàárín aṣọ kan sí èkejì, kí ike omi tí ń fọ́n wà nítòsí. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín lórí fóònù, ẹ jẹ́ kó dún. Ti aṣọ dúdú tàbí ti búlúù, íńkì funfun gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó nípọn fún aṣọ dúdú, ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ lójú láìyọ aṣọ kúrò lórí pátákó, kí ẹ tó fa èkejì lé e.

Gbàrà tí ẹ bá parí, ẹ ha íńkì tó kù padà, kí ẹ fi omi fọ àwọ̀n lójú méjèèjì. Íńkì tó bá gbẹ síbẹ̀ mọ́jú ti ba férémù náà jẹ́.

Ooru, lẹ́yìn náà omi ọṣẹ

Ẹ sá aṣọ títí íńkì á fi gbẹ dé inú. Ẹ wá yí i padà tàbí kí ẹ fi bébà funfun bo àwòrán, kí ẹ lọ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tó gbóná tó ti òwú, láìsí omi kankan, fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí ẹ máa gbé áyọ́ọ̀nù káàkiri. Ẹ kà lára ìwé íńkì yín, torí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ti ẹ̀. Bí iná bá lọ, áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣe é lò, kìkì pé kí ẹ nu ìdí rẹ̀ mọ́ kí eérú má baà bọ́ sórí aṣọ.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ mú ọ̀kan nínú aṣọ náà kí ẹ fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń fọṣọ nílé: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ, kí ẹ fọwọ́ họ ọ́ gan-an. Ẹ sá a, kí ẹ tún un fọ̀. Lẹ́yìn ìgbà márùn-ún, ẹ na ibi tí ẹ tẹ̀. Bí íńkì bá ń ṣí, ooru ò tó, ẹ padà sídìí áyọ́ọ̀nù. Ẹ má gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí aṣọ kan tó la ìdánwò yìí já.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbà

Ẹ ṣírò gbogbo ohun tó wọlé: aṣọ, íńkì, àwòrán tí ẹ tẹ̀ jáde, owó ọkọ̀, iná tàbí èédú, àti aṣọ méjì mẹ́ta tó lè bàjẹ́. Ẹ ra àfikún ṣáájú, torí bí XL bá tán ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ ò ní rí irú rẹ̀ ní ọjà Òkè-Àjé. Kí oníbàárà kọ iye ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí ó sì fọwọ́ sí i bí wọ́n ṣe kọ orúkọ. Ẹ gba owó aṣọ àti íńkì tán kí ẹ tó ra ohunkóhun, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n yín ló gbé iṣẹ́ wá.

Ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni, kò ṣe é sún síwájú. Iléyá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá wá síwájú lọ́dọọdún. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí, ìyẹn láàárín òjò. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe férémù yín sílẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, ní ọjọ́ tí oòrùn bá yọ, kí ó jẹ́ títẹ̀ nìkan ló máa kù.

Bí iṣẹ́ bá parí, tí ẹ ò sì nílò àwòrán náà mọ́, ẹ fi bílíìsì ilé pa ojú àwọ̀n méjèèjì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Emulsion á yọ, férémù á sì ṣe é kùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, gbangba ìta ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ má sì da bílíìsì pọ̀ mọ́ oògùn ìfọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n àmì ẹgbẹ́ tàbí ti ilé-ìwé tó ṣeé ṣe kí wọ́n tún padà wá fún, ẹ má fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ fi máákà kọ orúkọ ẹgbẹ́ àti ọdún sí ẹ̀gbẹ́ férémù, ẹ gbé e dúró síbi tí eku ò ti lè dé, kí ẹ sì fi bébà dúdú rẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì ní títẹ́ pẹrẹsẹ.